Orúkọ fún Olùṣọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ní Tatonnonkon àti káàkiri ìgbèríko Adja-Ouèrè ní orílẹ̀-èdè Benin, Yorùbá ni mẹkáníìkì fi ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan wáyà àti ẹ̀rọ, Faransé á wọlé: démarreur, batterie, antidémarrage. Mi ò bá Faransé jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ iṣẹ́ á mọ orúkọ antidémarrage láìmọ ohun tó ń ṣe.

Antidémarrage, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí àjèjì ṣíná sí ọkọ̀, sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Kánádà ṣe tirẹ̀ ní 2007. Àlòkù irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀ sí èbúté Cotonou, tó ń gba ibẹ̀ gòkè wá. Ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n tún ń fi rìmóòtù ṣíná sí ọkọ̀ láti inú ilé, kí inú rẹ̀ lè móoru kí wọ́n tó jáde. Níhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ rìmóòtù náà, ooru ló fẹ́ fi lé.

Àwọn kan á ní ká pe antidémarrage ní adámọ́tòdúró. Kò bá a mu. Bíréèkì ló ń dá mọ́tò dúró; èyí kò ní kí táyà má yí, ẹ lè ti ọkọ̀ náà dé ìlú Pobè. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ṣọ́, kí àjèjì má baà ṣíná sí i. Olùṣọ́ ẹ́ńjìnnì ni mo fara mọ́. Aṣọ́ná kúrú jù ú lọ, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n níbi tí wọn kò bá ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀, aṣọ́nà ni wọn yóò kà á sí.

Inú kọ́kọ́rọ́ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nínú orí rẹ̀ ni ohun kékeré kan wà tí kò ní bátìrì tirẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, òrùka wáyà tó yí ihò rẹ̀ ká á fi agbára ránṣẹ́ sí i láìfọwọ́ kàn án; ohun náà á jí, á sì dáhùn. Ajẹ́pè ni mo sọ ọ́, torí bí a kò bá pè é, kò lè fọhùn. Wáyà náà ni òrùka ìpè. Èsì ajẹ́pè àtijọ́ kì í yí padà, àrokò ni. Ti ìsinsìnyí dà bí eré àlọ́: ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, á pa àlọ́ tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, ajẹ́pè á já a. Olè tó gbọ́ èsì àná kò rí i lò lónìí, nítorí náà mi ò lè fi àrokò pe méjèèjì.

Bí a bá wá fẹ́ fi rìmóòtù ṣíná, kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú ihò. Olùṣọ́ á pè, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ohun tí a ń fi sí i ni àpótí kékeré tó gbé kọ́kọ́rọ́ kejì pamọ́, pẹ̀lú òrùka tirẹ̀, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ ní èsì tí ọpọlọ ọkọ̀ ń retí. Ẹ̀bùrú ni àwọn kan fẹ́ pè é, orúkọ tó lè ba iṣẹ́ jẹ́: ọmọ iṣẹ́ á rò pé ká gé wáyà olùṣọ́ ká kọjá ni. Bẹ́ẹ̀, olùṣọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnìkan ló ń bá kọ́kọ́rọ́ fèsì. Agbẹnusọ ni. Ìgbà tí rìmóòtù bá rán an nìkan ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ iná tí kì í kú, á máa jẹ́ ìpè tọ̀sán-tòru, olè tó bá fọ́ ihò kọ́kọ́rọ́ á sì ṣíná bí ẹni tó ni mọ́tò. (Mọ́tò tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, mi ò ní gbà kí wọ́n fi rìmóòtù sí i rárá: bí jíà bá wà nínú rẹ̀, mọ́tò á fò síwájú.)

Ọ̀gá lè wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé: “Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣíná sí i tí rìmóòtù kọ̀, agbẹnusọ ni kó o lọ yẹ̀ wò. Bí àwọn méjèèjì bá kọ̀, tí iná olùṣọ́ sì ń ṣẹ́jú, wo òrùka ìpè, bóyá wáyà rẹ̀ ti já.”