Ta Ni Onídàájọ́? Ìtàn Eré Ogun Orí Tábìlì àti Ẹni Tí Ó Ń Dá A Ta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òwe yìí dà bí ẹni pé ó tako ẹni tí ó dá jókòó sídìí tábìlì, tí ó to àwọn ère kékeré oníke síwájú, tí ó sì ń ja ogun láìsí alátakò lódìkejì. Síbẹ̀, eré ogun orí tábìlì ti ní ìtàn tí ó lé ní igba ọdún, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn: ta ni yóò ṣe onídàájọ́?

Ní ilẹ̀ Prussia, tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, Georg Leopold von Reisswitz gbé tábìlì eré ogun kan kalẹ̀ fún ọba ní 1812. Ọmọ rẹ̀, Georg Heinrich Rudolf, tí ó jẹ́ ológun, tẹ òfin eré náà jáde ní 1824. Ó lo máàpù, ó sì fi dáìsì, irú èyí tí a ń jù nínú lúdò, díwọ̀n ọṣẹ́ tí ìbọn ṣe. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan a kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé; onídàájọ́ tí ó mọ ohun gbogbo ni yóò sọ àbájáde. Wọ́n fi eré yìí kọ́ àwọn ọ̀gá ológun níṣẹ́. Lẹ́yìn tí Prussia ṣẹ́gun Faransé nínú ogun 1870 sí 1871, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Little Wars jáde. Àgbá ìṣeré tí ń yin ègé igi ni ó fi ń wó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lulẹ̀. Wells kò yin ogun. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá ta eré náà ní ìgbà mélòó kan yóò rí i pé ìwà òmùgọ̀ ni ogun gidi. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Ní 1973, Tony Bath kọ ìwé lórí bí a ṣe ń so ogun kan mọ́ òmíràn lórí máàpù, tí ìjákulẹ̀ òní yóò fi ran ti ọ̀la. Lọ́dún kan náà, Donald Featherstone kọ tirẹ̀ fún ẹni tí ń dá ta. Níbẹ̀ ni alátakò ti dìde kúrò nídìí tábìlì, tí dáìsì àti òfin sì gba ipò rẹ̀.

Àdó olóró tí a jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945 ti fi ẹ̀rù tuntun sọ́kàn ọmọ aráyé: bí ayé bá bàjẹ́ ńkọ́? Eré Gamma World mú ìbéèrè yìí wá sórí tábìlì ní 1978. Fallout gbé e sínú kọ̀ǹpútà ní 1997, ó sì padà sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn ère kékeré nínú Fallout: Wasteland Warfare ní 2018, tí òfin àdáta wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ayé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ a kọ́kọ́ ya máàpù, a sì fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kò sí ọ̀nà kan tí ó pọn dandan. Ibi tí ó bá wu àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọn yóò gbà. Bí wọ́n bá dé ilẹ̀ tuntun, yóò ju dáìsì, yóò sì wo àkọsílẹ̀ tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀: 1 lè jẹ́ kànga gbígbẹ, 6 lè jẹ́ ọlọ́ṣà. Òfin yóò darí ọ̀tá pẹ̀lú, bí àpẹẹrẹ, kí ó kọlu ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù. Omi, oúnjẹ, ọta ìbọn àti àwọn tí ó fara pa, gbogbo wọn ni yóò ní ìṣirò nínú ìwé.

Bí dáìsì bá wá sọ pé akọni rẹ̀ ti kú, tàbí pé omi ẹni mẹ́ta ni ó kù fún ẹni márùn-ún, kò sí ẹni tí yóò rí i bí ó bá tún dáìsì náà jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ba eré ara rẹ̀ jẹ́, nítorí ìtàn náà kò ní lè kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn. Àwọn ológun Prussia ta eré yìí láti mọ bí a ṣe ń ṣẹ́gun. Ẹni tí ń dá a ta lónìí ń wádìí bí ènìyàn ṣe lè bá ènìyàn gbé lẹ́yìn tí ogun ti run ohun gbogbo. Onídàájọ́ ti kúrò lórí àga, ẹ̀rí ọkàn ẹni tí ń ta á ni ó kù.