amúlétutù
ọ̀rọ̀-orúkọ (a- + mú + ilé + tutù)

Ìtumọ̀: Ẹ̀rọ tí ń mú inú ilé tutù.

Ìlò: Ní Amẹ́ríkà, oríṣi kan wà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo níta, lórí pèpéle kọnkéré tàbí lórí òrùlé. Bí ó bá ń mú ilé gbóná pẹ̀lú, kí atúmọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Àkíyèsí: Nínú ìlànà bí a ṣe ń so ó mọ́ ilé, má ṣe fi «pa ẹ̀rọ» dípò «gé iná». «Pa» kàn ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró. Iná ṣì lè wà nínú wáyà rẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Àpẹẹrẹ: Kí o tó ṣí amúlétutù náà, gé iná tí ó ń wọ inú rẹ̀, kí o sì fi tẹ́sítà yẹ àwọn wáyà wò.