Àkójọ Eré Ọmọdé Orí Amóhùnmáwòrán: Ohun Tí A Pa Mọ́ àti Ohun Tí Ó Sọnù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹnìkan tàbí ohun kan tí yóò rò ó fún un. Ní ti eré ọmọdé orí amóhùnmáwòrán, àkójọ fídíò ni àrọ́bá náà: kásẹ́ẹ̀tì, VCD, DVD, tàbí èyí tí wọ́n kó sórí kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn lè gbé sílé kí ó sì wò nígbà tí ó bá wù ú. Eré tí kò ní àkójọ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn gbé lọ. Bí olùkọ́ Yorùbá kan ní Òdìgbó tàbí ní Ọ̀rẹ̀ bá fẹ́ fi eré tí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò ní kékeré kọ́ àwọn ọmọ ní àlọ́, yóò rí i pé àwọn òbí rántí eré náà dáadáa, ṣùgbọ́n eré náà fúnra rẹ̀ ṣòro láti rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni àròkọ yìí yóò tọpinpin.

Láti abẹ́ òṣùpá sí inú ìwé

Kí amóhùnmáwòrán tó dé, abẹ́ òṣùpá ni gbàgede eré ọmọ Yorùbá. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àgbà yóò jókòó, àwọn ọmọdé yóò yí i ká. Yóò pe "Ààlọ́ o!", wọn yóò sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Àlọ́ àpamọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi dán làákàyè wọn wò, kí ó tó bọ́ sórí àlọ́ àpagbè, níbi tí Ìjàpá ti máa ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kó ara rẹ̀ sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ tiwọn: àwọn ni ń gbe orin, àwọn náà ni àgbà sì ń bi léèrè ẹ̀kọ́ tí àlọ́ kọ́ wọn.

Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí i pé àṣà yìí ń rẹ̀yìn, wọ́n kó àlọ́ sínú ìwé. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Ó ti lé ní 50 ọdún báyìí, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ní ìwé náà lọ́wọ́ lè ṣí i kà fún kíláàsì rẹ̀ lónìí. Ohun tí ìwé ṣe fún àlọ́ ẹnu ni ó yẹ kí fídíò ṣe fún àlọ́ orí amóhùnmáwòrán.

Amóhùnmáwòrán dé Ìbàdàn

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Òun ni amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba yìí kan náà ni ó ti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, nítorí náà ìkọ́ni wà lára ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun náà lérò. Lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn yìí ni Òdìgbó wà, títí di oṣù kejì ọdún 1976 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ tuntun náà ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán tirẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ eré ní sítúdíò. Bí òṣèré ṣe ń sọ̀rọ̀ ni òǹwòran ń gbọ́ ọ nílé. Bí eré bá sì ti parí, ó parí nìyẹn. Ìlú Ìbàdàn yìí ni Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti fi eré Aláwàdà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí amóhùnmáwòrán. Àgbà ni wọ́n ṣe eré náà fún, àmọ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ràn aago gàgàrà àti awò ńlá rẹ̀ jù.

Ní ọdún 1984 ni eré tí a ṣe fún ọmọdé gan-an gbòde káàkiri orílẹ̀-èdè. Orúkọ rẹ̀ ni Tales by Moonlight, ilé-iṣẹ́ NTA ni ó ń gbé e jáde, Victoria Ezeokoli sì ni ó dá a sílẹ̀. Obìnrin kan tí àwọn ọmọ mọ̀ sí Áńtí Nkem, ìyẹn Nkem Oselloka-Orakwue, ni yóò jókòó, tí àwọn ọmọdé yóò yí i ká, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣèré yóò fi ìtàn náà ṣe eré. Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ Yorùbá yóò rí i pé abẹ́ òṣùpá ni wọ́n gbé wọ inú sítúdíò: àgbà wà, agbo ọmọ wà, ìjàpá wà, ẹ̀kọ́ sì wà ní ìparí. Èdè nìkan ni ó yí padà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì tí a pa rẹ́ àti eré tí a rí ní Jos

Kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń lò nígbà náà wọ́n púpọ̀, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń rà á. Nígbà tí owó kò bá tó, wọn a mú kásẹ́ẹ̀tì eré àtijọ́, wọn a gba eré tuntun lé e lórí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ eré ayé àtijọ́ ṣe pòórá ní Nàìjíríà. Ooru, eruku àti àìsí iná tí kì í kú sì ba púpọ̀ jẹ́ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. BBC ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù náà pa ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ rẹ́ ní àwọn ẹ̀wádún 1960 àti 1970. Lára wọn ni Doctor Who, eré tí tọmọdé tàgbà ń wò láti oṣù kọkànlá ọdún 1963. Ṣùgbọ́n BBC ti ta ẹ̀dà eré náà fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Philip Morris ti rí fíìmù eré náà lórí pẹpẹ eléruku ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos. Apá mẹ́sàn-án tí ayé ti gbà pé ó sọnù ni ó wà níbẹ̀, tí iye àwọn tí wọ́n ń wá sì fi dín láti 106 sí 97 ní ọdún náà. Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ti àwọn òyìnbó yìí yí padà: ohun tí wọ́n ń wá nínú àpò ṣòkòtò, Jos ni wọ́n ti bá a.

BBC kò jẹ́ kí eré tí wọ́n rí náà tún sọnù. Kí ọdún 2013 tó parí, wọ́n ti tẹ ìtàn kìíní, The Enemy of the World, sórí DVD. Ìtàn kejì, The Web of Fear, tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Apá kẹta ìtàn kejì yìí kò sí níbẹ̀, nítorí náà wọ́n fi àwọn fọ́tò àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ látijọ́ dí àlàfo náà, olùwò sì mọ̀ dájú pé àlàfo wà. Pẹpẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó pa eré ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bi ara rẹ̀ ni pé, ta ni ó pa ti ọmọ tiwa mọ́?

Fíìmù àgbéléwò gbàgbé ọmọdé

Àǹfààní láti dáhùn ìbéèrè yẹn yọjú nígbà tí fíìmù àgbéléwò dé. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀-ajé padà ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, owó fíìmù ńlá sì kọjá agbára àwọn òṣèré. Ní ìparí ẹ̀wádún 1980, àwọn òṣèré Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣe eré tí àwọn ènìyàn lè rà lọ sílé. Àgbà tí ó lówó lọ́wọ́ ni wọ́n ń tà á fún, nítorí náà ọ̀rọ̀ orogún, oògùn, owó àti ìfẹ́ ni ó gba àtẹ kan. Àwọn tí ń ṣe àdàkọ láìgbàṣẹ sì ti kọ́ àwọn agbéréjáde ní ẹ̀kọ́ tí ó korò. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ bí wọ́n ṣe da fíìmù Bàbá Sàlá, Ọ̀run Móoru tí ó jáde ní ọdún 1982, kọ, tí ó sì kó baba aláwàdà náà sí gbèsè ńlá. Ẹni tí ó ti rí irú èyí kò ní fẹ́ ná owó sórí eré ọmọdé tí èrè rẹ̀ kéré.

Òfin ọdún 1993 dá àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀, àjọ náà sì ń pín wọn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí òǹwòran. Èyí dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ èyí tí kò yẹ kí ọmọdé wò. Kò lè ṣe èyí tí ó yẹ kí ọmọdé wò fún wọn.

Ohun tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ gbé wá

Ọ̀rẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa. Àwọn bọ́ọ̀sì gbọ̀gbọ̀rọ̀ tí ń lọ sí ìlà-oòrùn máa ń dúró níbẹ̀ kí èrò lè jẹun, fídíò sì máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì náà. Ní ẹ̀wádún 2000, nígbà tí VCD àti DVD lé kásẹ́ẹ̀tì lọ, ojú títì irú èyí ni ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà ti ń ra àwo kan ṣoṣo tí wọ́n kó kàtúùnù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ọmọ yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdàkọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ, kò sí Yorùbá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ ẹni tí ó ṣe é lára páálí.

Barney wà lára eré òkèèrè tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn rẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Obìnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, Sheryl Leach, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó wá fídíò tí yóò dára fún ọmọ rẹ̀ tì. Ní ọdún 1988, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn, wọ́n sì ń tà á gẹ́gẹ́ bí kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1992 ni amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà tó gbà á. Àkójọ ilé ni ó kọ́kọ́ wà, kí ó tó di eré amóhùnmáwòrán. Ní Nàìjíríà, Adamu Waziri gba irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú Bino and Fino, kàtúùnù nípa ọmọkùnrin kan àti arábìnrin rẹ̀, tí wọ́n tà lórí DVD, tí wọ́n sì túmọ̀ sí Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn.

Bí a ṣe ń yẹ àkójọ wò

Láti inú ìtàn yìí ni olùkọ́ ti lè mú òṣùwọ̀n tí yóò fi yẹ àkójọ eré ọmọdé wò.

Èkíní ni pípé. Ṣé gbogbo apá eré náà ni ó wà níbẹ̀, ṣé wọ́n tò ó bí ó ti yẹ, ṣé wọ́n kọ ọdún sí i? Bí nǹkan bá dín, ǹjẹ́ wọ́n jẹ́wọ́, bí àwọn tí ó tẹ The Web of Fear ti ṣe?

Èkejì ni èdè. Ṣé Yorùbá tí wọ́n ń sọ jẹ́ ojúlówó, àbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀ ní agbádá? Bí ọ̀rọ̀ bá wà lójú àwòrán, ṣé àmì ohùn wà lórí rẹ̀? Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ nílò àmì náà ju àgbà lọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó ni ín. Páálí tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, òṣèré àti agbéréjáde jẹ́ ẹlẹ́rìí sí olè. Owó tí òbí san lórí rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ṣe òmíràn.

Ẹ̀kẹrin ni àlàyé. Ní ọdún 2006, àwọn tí ó ni Sesame Street kó eré wọn àtijọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969 sórí DVD, wọ́n sì kìlọ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé àgbà ni wọ́n ṣe àkójọ náà fún, nítorí pé èrò nípa ìtọ́jú ọmọdé ti yàtọ̀. Àlọ́ Ìjàpá náà nílò irú àlàyé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyà àti ẹ̀tàn pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà tí ń pa àlọ́ ni láti bi ọmọ léèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀. Fídíò kò lè béèrè. Olùkọ́ ni yóò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá dín Yorùbá kù, ilé ni ó kù, inú ilé náà sì ni fídíò wà. Ní Òdìgbó àti abúlé tí ó yí i ká, àwọn àgbà tí ó mọ àlọ́ ṣì wà, fóònù tí ó lè gba ohùn àti àwòrán wọn sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí akẹ́kọ̀ọ́. Bí kíláàsì kan bá gba àlọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó pa á, tí wọ́n kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ sí ibi méjì, wọ́n ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kò ṣe. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àlọ́ tí a kò pa mọ́, kò sí ọmọ tí yóò bá a láti jogún.