Hosta 'Frances Williams': Ewé Tó Ń Ti Ọwọ́ Bọ́ Sọ́wọ́

Bí ẹ bá wọ ọgbà ẹ̀yìnkùlé ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba, ẹ wo abẹ́ igi níbi tí oòrùn kì í ti í mú jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí hosta níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni 'Frances Williams'. Ewé rẹ̀ gbòòrò, àárín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó fà sí búlúù, etí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ìbéèrè wa lónìí ni pé: ta ló ni ewé yìí?

Ṣáínà, Kòríà àti Japan ni hosta ti ṣẹ̀ wá. Giboshi ni àwọn ará Japan ń pè é. Wọ́n ń gbìn ín sọ́gbà, wọ́n sì ń jẹ ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bí ẹ̀fọ́. Engelbert Kaempfer, dókítà ará Jámánì tó ti gbé Japan rí, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1712. Ní 1812, onímọ̀ ewéko kan ní Vienna, Leopold Trattinnick, sọ ọ́ ní Hosta láti fi yẹ́ dókítà Nicolaus Host sí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé Host ni wọ́n wò, wọn kò wo ilé giboshi.

Dókítà mìíràn láti Jámánì, Philipp Franz von Siebold, dé Nagasaki ní 1823. Ní 1829, ìjọba Japan lé e jáde nítorí àwòrán ilẹ̀ wọn tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko Japan tipasẹ̀ rẹ̀ dé Leiden ní Netherlands, hosta aláwọ̀ méjì sì wà lára wọn. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára Hosta sieboldiana títí dòní. Àwọn ológbà Japan tó ti ń tọ́jú irú ewé bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé kò rí orúkọ tiwọn níbẹ̀.

Ní 1936, Frances Williams, ará Massachusetts tó kọ́ iṣẹ́ ètò ọgbà, rí sieboldiana kan láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol, Connecticut. Etí rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ìyeyè. Ó mú un relé, ó gbìn ín, ó sì ń pín in fún àwọn ẹlòmíràn. Èyí tó dé ọgbà ewéko Oxford ni wọ́n fi orúkọ obìnrin náà pè.

Pínpín yẹn ló gba ewé náà là. Bí a bá gbin irúgbìn rẹ̀, ọmọ tó máa hù kì í sábà ní àwọ̀ méjì. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ṣebí wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nítorí náà, 'Frances Williams' tó wà lóde òní, ara ẹyọ kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn rí ni wọ́n ti wá.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, tí ẹ wà ní ìlú òtútù, ẹ lè gbìn ín. Níbí, kò lè rójú, torí ó nílò òtútù tó máa mú un sùn fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ fi sábẹ́ ìbòòji, nítorí oòrùn tètè ń jó etí rẹ̀. Ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì ṣọ́ ìgbín. Bí ẹ̀ka kan bá yọ láìní àwọ̀ ìyeyè, ẹ tètè gé e kúrò, torí ó máa ń lágbára ju ìyókù lọ, ó sì lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Tó bá di ìgbà ìrúwé, ẹ wú u, ẹ là á, kí ẹ sì fún aládùúgbò yín.

Lójú tiwa, ẹni tó ń là á fúnni ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fún èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé giboshi ni wọ́n ń pè é nílé.