Àdín, Eérú àti Ọwọ́ Onídìrí: Ìtàn Ìtọ́jú Irun ní Agbègbè Ararọ̀mí-Òwu

ÌFÁÁRÀ

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa irun obìnrin Yorùbá ni ó jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ àti kojúsọ́kọ. Wọ́n ṣàlàyé èyí tí ọmọge ń dì àti èyí tí abilékọ ń dì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú ẹwà. Kí ni àwọn ìyá àtijọ́ ń ṣe nígbà tí irun bá ń já, tí ó bá fẹ́lẹ́, tí iwájú orí bá ń pá, tàbí tí irun bá le débi pé òòyà kò lè wọ inú rẹ̀?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí pin sí ọ̀nà mẹ́ta: òróró, eérú àti ọwọ́. Agbègbè Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Ararọ̀mí-Òwu wà, jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti tọ ipasẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilẹ̀ ọ̀pẹ àti kòkó ni. Ọjà ńlá ìgbà àtijọ́ wà níbẹ̀, ogun tí ó tú Òwu sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìtàn irun kò sì ṣeé yà kúrò lára ìtàn ọjà àti ìtàn ogun.

ORÍ ÀTI IRUN

Lójú Yorùbá, orí kì í ṣe ẹ̀yà ara lásán. Òrìṣà ni. Orí inú ni ó yan ìpín, orí òde sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ojú ń rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan irun ènìyàn, ohun tí ó níyì jù lọ lára ẹni náà ni ó fi ọwọ́ kàn. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà ṣe, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an kò farasin: orí ní olówó rẹ̀.

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàpèjúwe irun àwọn ọmọge ìgbà náà. Ó ní wọ́n ń dì í sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, láti mẹ́jọ dé mẹ́rìnlá, láti etí ọ̀tún dé etí òsì, àti pé bí ọ̀nà náà bá ti tínrín tí ó sì pọ̀ tó ni ó ṣe ń wu ojú tó. Ìyìn yìí kò ṣàì ní ewu nínú. Bí ọ̀nà bá ti tínrín tó ni ọwọ́ onídìrí ṣe ní láti fún un tó, gbòǹgbò irun ni ó sì ń gba ìfúnpọ̀ náà. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ irun tí ó ń já kì í ṣe ohun tí ayé òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá.

Àwọn àṣà kan wà tí ó ń fún orí ní ìsinmi. Wọ́n ń fá orí ọmọ tuntun. Wọ́n ń fá orí opó. Wọ́n ń fá orí ìyàwó òrìṣà kí ó tó di ẹni òrìṣà. Ìtumọ̀ ẹ̀sìn àti ti àṣà ni ó wà nídìí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní fara mọ́ tún wà nínú wọn. Irun tí ó ti jáde kúrò nínú awọ orí kò ní ẹ̀mí mọ́. Bí ó bá ti bàjẹ́, kò sí oògùn tí ó lè wò ó sàn; èyí tí ó ń hù bọ̀ nìkan ni a lè tọ́jú.

Ti dàda tún yàtọ̀. Irun dàda a máa lọ́ mọ́ra láti inú oyún wá gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ Yorùbá, òòyà kì í sì í kàn án. Wọ́n lè so ẹyọ owó mọ́ ọn, wọn kì í sì í gé e láìṣe ètùtù. Irun tí ó le jù lọ láti yà ni Yorùbá kò pè ní àìsàn. Dípò kí wọ́n fi agbára nà án, orúkọ ni wọ́n fún un, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un.

ỌJÀ ÀPÒMÙ ÀTI ÒRÓRÓ

Irun aláwọ̀ dúdú a máa lọ́ bí okùn. Òróró tí awọ orí ń mú jáde kì í rọrùn láti gba ara ìlọ́po yẹn dé ìpẹ̀kun irun, nítorí náà ìpẹ̀kun a máa gbẹ. Ibi tí irun bá sì ti ṣẹ́ kọ́lọ́, ibẹ̀ ni ó ti máa ń já. Àwọn ìyá àtijọ́ kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi wo èyí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé irun tí kò bá rí òróró kò ní pẹ́ já.

Òróró méjì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Èkínní ni àdín, tí wọ́n ń ṣe láti ara ẹ̀kùrọ́. Wọ́n a pa ẹ̀kùrọ́, wọ́n a dín in nínú ìkòkò títí òróró rẹ̀ yóò fi yọ́ jáde, tí yóò dúdú, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba agboolé. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń rí i. Èkejì ni òrí. Igi òrí kì í hù nínú igbó. Ilẹ̀ ọ̀dàn níhà àríwá ni ibùgbé rẹ̀. Obìnrin ilẹ̀ igbó tí ó bá fẹ́ òrí, kò sí ọ̀nà mìíràn fún un ju ọjà lọ.

Ọjà tí ó sì lókìkí jù ní agbègbè náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọjà Àpòmù. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ó wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, tí ó wà láàárín igbó àti ọ̀dàn, ni ó ń jẹ́ kí àdín àti òrí lè wà nínú igbá onídìrí kan náà.

Iṣẹ́ òróró méjèèjì kò dọ́gba. Ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní lauric acid pọ̀ nínú àdín ẹ̀kùrọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ nínú àdín àgbọn. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé òróró àgbọn ń wọ inú irun, tí ó sì ń dín bí irun ṣe ń pàdánù èròjà rẹ̀ kù, nígbà tí òróró inú ilẹ̀ tí wọ́n ń rọ́ sínú ìgò ìpara kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òrí ní tirẹ̀ a máa dúró sí ara irun, a sì máa dí omi mọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àdín ra awọ orí, tí ó sì fi òrí ra irun, kò ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

OGUN ÒWU ÀTI ORÍ TÍ WỌ́N FÁ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Ọjà kan náà ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ bà jẹ́. Wọ́n ń jí oníṣòwò gbé ní Àpòmù, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Òwu kó ogun lọ bá Àpòmù àti àwọn ìlú ọjà mìíràn ní ilẹ̀ Ifẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbé ogun dìde sí Òwu, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, Òwu sì tú ní àwọn ọdún 1820 sí 1829. Àwọn ará Òwu fọ́n ká. Àwọn kan nínú wọn dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1834. Orúkọ Òwu tí ó kù lára àwọn ìlú agbègbè náà títí di òní jẹ́ ìrántí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú àwọn ogun ọ̀rúndún náà ni wọ́n kó gba orí òkun lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà. Àṣà àwọn olówò ẹrú ni láti fá orí ẹrú kí ó tó wọ ọkọ̀. Fífá yìí kò ní ètùtù, kò sì ní ìsinmi kankan nínú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fá orí lẹ́yìn olórí ní tòótọ́. Ìlú, ìdílé àti òrìṣà tí irun ènìyàn ń sọ, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní ìdajì wákàtí.

Ní ìhà kejì òkun, kò sí òòyà onígi, kò sí òrí, kò sì sí àkókò. Àwọn ẹrú Amẹ́ríkà fi ohun tí wọ́n fi ń tú irun àgùntàn ya irun wọn, wọ́n sì fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á. Àìsàn awọ orí àti irun jíjá di ohun tí ó gbilẹ̀. Inú ipò yìí ni Sarah Breedlove ti jáde. Wọ́n bí i ní Louisiana ní 1867 fún àwọn òbí tí ó ti ṣe ẹrú rí. Irun rẹ̀ já débi pé ó wá oògùn kiri. Ní 1906 ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpara orí tirẹ̀ tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ Madam C. J. Walker. Ohun tí ó ń kọ́ àwọn obìnrin ni pé kí wọ́n máa fọ orí déédéé, kí wọ́n sì tọ́jú awọ orí kí wọ́n tó ronú nípa gígùn irun. Ó ti di ọlọ́rọ̀ kí ó tó kú ní 1919. Ìmọ̀ tí àwọn ìyá rẹ̀ ti ní rí ni ó ní láti tún wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

EÉRÚ TÚTÙ ÀTI EÉRÚ GBÍGBÓNÁ

Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi ń fọ orí ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n a sun èèpo kòkó tàbí ohun ara ọ̀pẹ di eérú, wọ́n a sẹ́ omi eérú náà, wọ́n a sì sè é pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Kòkó fúnra rẹ̀ àlejò ni ní agbègbè Ìkirè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, àwọn obìnrin gba èèpo rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Omi eérú lágbára. Ó lè bó ọwọ́. Àdín ni ó ń tù ú lójú. Síbẹ̀, ọṣẹ náà ṣì le díẹ̀ fún irun, ìdí nìyí tí òróró fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ìbátan eérú yìí ni ó wá gba orílé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà padà wá gẹ́gẹ́ bí oògùn tí ń na irun. Garrett Morgan ti ń ta irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní 1913. Malcolm X, nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1965, sọ bí wọ́n ṣe po èròjà tí ń jóni náà pọ̀ mọ́ ọ̀dùnkún àti ẹyin, àti bí ó ṣe jó o lórí bí iná. Láàárín ọdún 1970 sí 1989, ìpara náà ti wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ọṣẹ dúdú, òróró ti pa agbára eérú kí ó tó dé orí; nínú ìpara tí ń na irun, agbára náà pé síbẹ̀. Ó ń já ìdè tí ó di irun mú, irun a sì tẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní lágbára bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2022, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ lé obìnrin 33,947 rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láàárín àwọn tí ń lo ìpara náà ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún. Wọn kò sọ pé ìpara náà ni ó fà á dájúdájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tó gbọ́.

ỌWỌ́ ONÍDÌRÍ

Àwọn ẹlẹ́sìn Ọ̀ṣun ka òrìṣà náà sí onídìrí, ẹni tí ó ni òòyà iyùn. Odò rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìkirè. Iṣẹ́ tí òrìṣà ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Nínú iṣẹ́ náà, irun kíkó ni ó bá irun tí ó le mu jù lọ. Wọ́n a fi òwú dúdú wé irun láti ìdí dé ìpẹ̀kun. Irun a nà láìjẹ́ pé iná tàbí eérú kàn án, ìpẹ̀kun rẹ̀ tí ó máa ń já a sì bò sínú òwú. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1979, irun kíkó di oge ńlá, tí orúkọ bí Ogun Parí àti Eko Bridge fi jẹ yọ. J. D. ’Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí ó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun wọ̀nyí ní 1968, àwòrán tí ó yà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Ẹwà irun ń bẹ nínú àwòrán wọ̀nyí. Bí ọwọ́ tí ó dì í ṣe rọ̀ tàbí bí ó ṣe le kò sí nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1907, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Trebitsch ṣàkíyèsí pé iwájú orí àwọn obìnrin Greenland ń pá nítorí irun tí wọ́n ń fà le. Ní 2007, àwọn ìwádìí kan ní Cape Town fi hàn pé irú pípá bẹ́ẹ̀ wà lórí 17.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé, àti lórí 31.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà obìnrin. Ewu náà sì pọ̀ jù níbi tí wọ́n bá ti di irun tí wọ́n ti fi ìpara nà. Irun àfikún tí a fi ọ̀rá ṣe tún ń dá kún ẹrù tí gbòǹgbò ń rù.

Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé ohun ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ó ń ba irun jẹ́. Dídì tí ó le jù lè pá iwájú orí gẹ́gẹ́ bí ìpara ṣe lè ṣe é. Onídìrí tí ó mọ iṣẹ́ a máa bi olórí bóyá ó ń dùn ún. Bí orí bá ń ta, tí eéwo wẹ́wẹ́ sì yọ ní ẹsẹ̀ irun, irun náà ti fún jù, ó sì yẹ kí wọ́n tú u lọ́jọ́ náà. Bíba ni wọ́n ń ba irun ọmọdé, ọwọ́ kì í sì í le lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, irun a tún hù. Bí ó bá pẹ́ tí gbòǹgbò sì kú, kò sí àdín tí ó lè jí i.

ÌKÁDÌÍ

Òróró láti ọjà, eérú tí àdín ti tù lójú, àti ọwọ́ tí ó rọ̀: ohun mẹ́ta tí ìtàn yìí fi lélẹ̀ nìyí. Ogun já ìmọ̀ náà gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ, wọ́n sì fi ìrora tún un wá. Àwọn tí ó kù nílé kò pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ ogun, ṣùgbọ́n wọ́n lè pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́. Orúkọ àràbà irun ti wà nínú ìwé. Bí wọ́n ṣe ń dín ẹ̀kùrọ́, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irun ti fún jù, àti iye ọjọ́ tí ó yẹ kí orí sinmi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin nìkan. Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí èdè àti àṣà Yorùbá ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀, kí ẹnu náà tó dákẹ́.