Tàdáwà

Ó ti mọ́ àwa tí a ń kọ ìtàn lítírésọ̀ Yorùbá lára láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. A ó dárúkọ ìwé ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, a ó sì fò sórí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, bí ẹni pé kò sí ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ ṣáájú wọn. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tàdáwà, tó láti ta kò ó. Ọwọ́ àwọn Haúsá, tí wọ́n ń pè é ní tawada, ni a ti gbà á. Èdè Lárúbáwá ni àwọn náà ti yá a.

Ilé ni àwọn áfáà ti ń po tàdáwà tiwọn. Èyí tí wọ́n fi ń kọ wàláà jẹ́ èédú tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àti oje igi pò kí ó lè lẹ̀ mọ́ pákó. Síbẹ̀ omi lásán ń fọ̀ ọ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kó rí: ọmọ kéú tó ti há ti òní sórí yóò fọ wàláà rẹ̀ kí ó lè kọ ti ọ̀la. Omi tí a fi fọ ẹsẹ̀ Àlùkùráánì kúrò lójú pákó náà sì ni hàǹtú tí aláìsàn ń mu.

Ti orí ìwé yàtọ̀. A ó se èso igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Haúsá ń pè ní bagaruwa, èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò, a ó sì da omi rẹ̀ mọ́ irin tó ti dógùn-ún. Yóò dúdú, yóò wọnú ìwé, kò sì ní ṣeé fọ̀ bọ̀rọ̀. Nínú àwọn Àlùkùráánì àfọwọ́kọ ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dúdú ni lẹ́tà, pupa ni àmì fáwẹ́ẹ̀lì, a sì máa ń fi àwọ̀ ìyeyè tọ́ka sí hámúsà. Ẹni tó bá pe àwọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀ṣọ́ lásán kò tí ì kà wọ́n. Ọ̀nà ìpè ni wọ́n ń fi han ahọ́n.

Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù Kìn-ín-ní, 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó, ọmọ Yorùbá, dìtẹ̀ ní Salvador ní Bahia. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, láti inú ìmàle tiwa. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú yàrá wọn, wọ́n bá wàláà àti ìwé tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Díẹ̀ nínú ìwé náà ṣì wà ní ibi ìkówèépamọ́ ìjọba Bahia dòní. Ìwé Crowther ṣì ku ọdún 8 kí ó tó jáde.