Ta ló gbẹ́ ère inú ṣọ́ọ̀ṣì wa?

1/ Ẹ gbà mí láyè kí n pa ìtàn kan lónìí. Ní Ùgbè Àkókó, tá a bá ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, àwọn ọmọ ìjọ mìíràn a máa pariwo mọ́ wa pé, "Ẹ̀yin abọ̀rìṣà!" Ère Màríà àti Jósẹ́fù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ló fa ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, òyìnbó pọ́nńbélé làwọn ère ọ̀hún jọ. Òrìṣà ilé ta wá nìyẹn?

2/ Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ti gbìyànjú nǹkan mìíràn, nítòsí wa níbí. Tẹ́ ẹ bá gba Ìkàrẹ́ jáde sí Òmùò, tẹ́ ẹ kọjá Ìkọ̀lé, ẹ ó dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Lọ́dún 1947, Fádà Kevin Carroll àti ẹnì kejì rẹ̀, àwọn fádà SMA, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀.

3/ Ta ni wọ́n pè? Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì. Àreògún yìí ni ògbóǹtarìgì tó ń gbẹ́ agò Ẹpa. Bándélé náà wá gba ọmọṣẹ́ kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ. Mùsùlùmí ni Làmídì o! Ọmọ agbẹ́gilére látìran ni, òun ló sì ń gbẹ́ ère fún Àgùdà.

4/ Lọ́wọ́ wọn, àwọn amòye tó wá kí Jésù di ọba Yorùbá. Wọ́n hun aṣọ, wọ́n sin ìlẹ̀kẹ̀ fún ìlò ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú.

5/ Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà á. Àwọn kan ní ọwọ́ tó gbẹ́ nǹkan orò kò yẹ kó kan nǹkan ilé Ọlọ́run. Ẹ ò rí i? Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan wa lójú pópó náà ló tún padà wọlé.

6/ Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ère ojúbọ dáadáa. Obìnrin tó kúnlẹ̀, tó gbé igbá dání, ta ni? Òrìṣà kọ́. Ẹni tó wá bọ òrìṣà ni. Carroll rí èyí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe lọ́dún 1967. Àwọn ẹni mímọ́ náà ńkọ́? Olùjọ́sìn bíi tiwa ni wọ́n. Ìpàdé Nicaea ọdún 787 ti sọ ọ́ pé ọ̀wọ̀ tá a fún àwòrán, ẹni tó wà nínú àwòrán ló ń lọ bá. Bó ṣe rí náà nìyẹn pẹ̀lú fọ́tò bàbá tó ti kú, tá a gbé kọ́ sí pálọ̀. Ta ló ń bọ bébà?

7/ Ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kógbá sílé lọ́dún 1954. Làmídì ò dákẹ́: ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà inú Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ní Ifẹ̀, ó sì kú lọ́dún 2009. Bruce Onobrakpeya náà ya Ọ̀nà Àgbélébùú sí St Paul's, Ẹ̀búté Mẹ́ta, nípárí àwọn ọdún 1960.

8/ Nítorí náà, tẹ́nikẹ́ni bá tún pè mí ní abọ̀rìṣà, mi ò ní bínú. Ìtàn Mùsùlùmí ọmọ Ìlá yẹn ni màá sọ fún un. Àwa táa wà nínú ìjọ ni mo fẹ́ bi: ìgbà wo la ó tún bẹ agbẹ́gilére wa níṣẹ́?